Bí a ṣe ń wo ojú òjò kí ìjì tó dé: láti ẹnu káfíńtà olórùlé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Òrùlé ni mo ń kàn jẹun. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gun orí ilé kiri Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákìé dé Àpákẹ́, láti Ọjà Igbó dé Under G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa, èmi tí mo wà lókè lórí páànù ni eji sì máa ń kọ́kọ́ rí. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ń wo ojú ọ̀run láti àárọ̀ títí ìjì á fi dé, ohun tó ń lọ nínú ìkùukùu nígbà náà, àti ìgbà tó yẹ kí olúkúlùkù ti wọlé.

Bí ẹ ò bá rí àyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ mú ẹyọ kan yìí lọ. Atẹ́gùn tútù tó máa ń fẹ́ ṣáájú òjò, èyí tí gbogbo wa máa ń na apá sí tí a ó ní "ara mà tù mí o", ìjì gan-an ló ti dé yẹn.

Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n rèé. Lóṣù kẹrin ọdún kan, à ń bo ilé oníyàrá mẹ́rin kan lọ́nà Ìlọrin. Ó ku páànù mẹ́fà. Onílé dúró nísàlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí: "Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ẹ̀ lónìí." Òjò ti ṣú lápá Ọ̀fà, àmọ́ oòrùn ṣì ń ràn lórí tiwa. Mo gbọ́ àrá lẹ́ẹ̀kan, ó jìnnà. Mo ní ká ṣe é tán. Atẹ́gùn tútù kan wá fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi tó wà lókè rẹ́rìn-ín, ó ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó gbé páànù tó kàn. Ìṣẹ́jú méjì kò pé lẹ́yìn náà tí páànù yẹn fi gbé òun náà. Mo rí i bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kúrò lórí igi, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì di etí páànù mú, torí kò tíì yé e pé kó jù ú sílẹ̀. Orí òkìtì yanrìn ló bọ́ sí. Apá rẹ̀ òsì kán. Páànù náà, agboolé kẹta la ti rí i, ó ti ká mọ́ ìdí igi dọ́ńgóyárò bí ẹni wé gèlè.

Apá rẹ̀ jinná, ó ti dá dúró, òun náà ti ní ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè, lọ́wọ́ àwọn àgbà, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí mo bá bá kan òrùlé, àti lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin tó kọ́ físíìsì. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí.

Atẹ́gùn méjì tó ń du ilẹ̀ wa

Ọ̀kan ń ti orí òkun wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ó máa ń gba apá Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kọjá kó tó kàn wá, omi sì kún inú rẹ̀. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá ìlà-oòrùn, gbígbẹ ni, òun ló ń kó ọyẹ́ wá. Lóṣù kìíní, ti aṣálẹ̀ ló ń jọba, ètè gbogbo wa á là. Tó bá di oṣù kẹta, ti òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà sókè ọ̀hún, ṣùgbọ́n ti aṣálẹ̀ kì í lọ tán bọ̀rọ̀. Atẹ́gùn olómi á wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ á sì wà lókè rẹ̀. Ẹ rántí gbígbẹ tó wà lókè yẹn, a máa padà bá a.

Ìdí nìyẹn tí ìjì wa fi máa ń le láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí ó sì máa ń tún le nígbà tí òjò bá ń kógbá sílé, lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Òjò oṣù keje lè rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìṣí páànù kan tó mì. Ẹ má fi bí omi ṣe pọ̀ díwọ̀n bí ìjì ṣe máa le.

Bí òwú ṣe ń di òkè

Mo ní òṣùwọ̀n méjì láàárọ̀. Àkọ́kọ́ ni páànù: bí aago mẹ́wàá kò bá tíì lù tí mi ò ti lè fi ọwọ́ lé e, ilẹ̀ ti gbóná nìyẹn. Èkejì ni òógùn mi. Nígbà ọyẹ́, òógùn kì í pẹ́ lára kó tó gbẹ. Bó bá ń ṣàn tí kò gbẹ, tí ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, omi ti kún inú atẹ́gùn. Ooru ilẹ̀ àti omi inú atẹ́gùn, àwọn méjèèjì ni ìjì ń jẹ. Ọjọ́ tí mo bá rí wọn pọ̀, ìdajì ọjọ́ ni mo máa ń ṣírò iṣẹ́ òkè sí.

Atẹ́gùn tó kan ilẹ̀ gbígbóná á fúyẹ́, á máa gòkè bí èéfín ààrò. Bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀ ló ń tutù, nǹkan bí dígírì Celsius 10 ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tó bá ti tutù tó, omi inú rẹ̀ tí ojú ò rí á di ẹ̀kán wínníwínní, gẹ́gẹ́ bí ooru ìkòkò ṣe ń di omi lára ọmọrí. Ibẹ̀ ni ìkùukùu ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi máa ń tẹ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, tí orí rẹ̀ á sì máa wú kúńdúkúńdú bí òwú.

Ibi tó ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ rèé. Ẹni tó bá ti gbé omi kaná mọ̀ pé omi kì í di ooru láìjẹ epo tàbí igi. Iná tí omi gbà nígbà tó di ooru kò nù. Nígbà tí ooru bá padà di omi lókè, ńṣe ló ń dá iná yẹn padà. Inú ìkùukùu á wá gbóná ju ìta lọ, á tún gòkè sí i, omi mìíràn á tún dì, iná mìíràn á tún jáde. Ìkùukùu ń dáná fún ara rẹ̀. Nítorí náà ni èyí tó kéré bí òwú ìdí kan láago méjìlá ṣe lè ga tó kìlómítà 15 kí aago mẹ́rin tó lù, tí yóò ga ju ibi tí ọkọ̀ òfurufú ńlá ń gbà lọ.

Ó wúwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó léfòó. Òwú funfun lásán tí kò lè rọ òjò kankan, bó bá gùn ní kìlómítà 1, tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì ga bẹ́ẹ̀, omi inú rẹ̀ á tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 500. Ẹ to tánkà lítà 33,000 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síwájú ara wọn kẹ́ ẹ tó rí iye yẹn. Ti ìjì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Bó bá ti ga ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ, ibẹ̀ ti tutù tó láti sọ omi di yìnyín, àní lórí Ògbómọ̀ṣọ́ tí oòrùn ti ń jó wa. Yìnyín wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́ á máa kọlu èyí tó wúwo díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọlura ni wọ́n ń pín iná mọ̀nàmọ́ná: èyí tó fúyẹ́ á gbé apá kan lọ sókè, èyí tó wúwo á mú apá kejì sísàlẹ̀. Ìpín yìí ni àrá. Bí atẹ́gùn tó ń gòkè bá lágbára gan-an, á máa gbé àwọn ẹyọ yìnyín kan dúró lókè, omi á máa dì mọ́ wọn lára ní ìpele ìpele, títí wọ́n á fi wúwo jù fún un. Àwọn ni ọmọdé máa ń ṣà nílẹ̀.

Nígbà tí orí ìkùukùu kò bá lè gòkè mọ́, á tẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, pẹrẹsẹ, bí irin tí alágbẹ̀dẹ ń lu ọkọ́ lé. Bí ẹ bá rí orí pẹrẹsẹ yẹn, ìkùukùu náà ti dàgbà. Níbikíbi tó bá wà, ìjì ti ń jà lábẹ́ rẹ̀.

Bí ohun tó gòkè ṣe ń wálẹ̀

Ẹ̀kán òjò bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó sì ń fa atẹ́gùn mọ́ra wálẹ̀. Níbí ni gbígbẹ aṣálẹ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ rántí ti wọlé. Òjò tó ń gba inú atẹ́gùn gbígbẹ kọjá, apá kan rẹ̀ á gbẹ lójú ọ̀nà, á sì mú kí atẹ́gùn náà tutù, bí ara ṣe ń tutù bá wa tí a bá jáde láti ilé ìwẹ̀ tí a ò tíì nu omi. Atẹ́gùn tútù wúwo. Á já bọ́ láti òkè, á lu ilẹ̀, á sì tàn ká gẹ́gẹ́ bí omi garawa tí a dà sórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ wo omi yẹn dáadáa: etí rẹ̀ ló ń sáré jù, òun ló sì ń kọ́kọ́ kan ẹsẹ̀ ẹni tó dúró lókèèrè.

Etí omi yẹn ni atẹ́gùn tútù tó kan ọmọ iṣẹ́ mi. Òjò tó bí i ṣì wà lọ́nà.

Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní Ọya, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí í dá igi lókèlókè, ni í ṣáájú, kí Ṣàngó ọkọ rẹ̀ tó dé. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì yẹn láti kékeré kò yẹ kó tún dúró lórí òrùlé nígbà tí Ọya bá ti kọjá.

Ẹ má sì pe àjà ní ìjì. Àjà tó ń yí erùpẹ̀ àti ọ̀rá kiri pápá bọ́ọ̀lù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ gbígbóná ló ń bí i, ojú ọ̀run á sì mọ́ kedere. Ó lè ṣí páànù tí a kò tíì kàn, ṣùgbọ́n kò ní òjò lẹ́yìn.

Ohun tí ẹ ó máa wò

Ìlà-oòrùn ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Ìjì ilẹ̀ wa, atẹ́gùn kan tó ń ti ìlà-oòrùn fẹ́ lókè lọ́hùn-ún ló ń tì í lọ sí ìwọ̀-oòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ilẹ̀ níbí ń ti òkun bọ̀. Èyí tó ṣú lápá Ọ̀yọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ló ń lọ. Èyí tó ṣú lápá Ọ̀fà ló ń bọ̀. Ọ̀fà wà ní ìlà-oòrùn wa gan-an, nǹkan bí kìlómítà 50 bí ẹyẹ bá fò ó, ìjì tó bá sì ń sáré á máa rin nǹkan bí iye yẹn ní wákàtí kan. Nítorí náà, tí ẹni yín kan ní Ọ̀fà bá pè pé ìjì ń jà lọ́dọ̀ àwọn, wákàtí kan lẹ ní, ó sì lè má pé bẹ́ẹ̀. Èmi ní oníbàárà páànù kan níbẹ̀. A máa ń pe ara wa.

Àwọn ìjì kan ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè Jos máa ń bí wọn lọ́sàn-án, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á máa bọ̀ lálẹ́ gbogbo. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 500. Ìjì tó gbéra láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago méjì òru á ti kọjá kó tó kàn wá. Ẹ̀yin tí òjò ìjì ń jí lóru, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Torí èyí, mi ò kì í fi páànù tí a kò tíì kàn sílẹ̀ lórí ilé mọ́jú, bí ìràwọ̀ tilẹ̀ kún ojú ọ̀run nígbà tí mo ń lọ sílé. Bí ìkéde NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní Nàìjíríà, bá sì jáde lórí rédíò pé ìjì ń bọ̀, ẹ má fojú di í.

Bó bá ti sún mọ́lé, báyìí ló máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Orí pẹrẹsẹ yẹn á kọ́kọ́ bo oòrùn, ojú ọjọ́ á di bí ẹni ta aṣọ funfun bò ó. Atẹ́gùn tó ti ń fẹ́ láti apá Ọ̀yọ́ láti àárọ̀ á rọlẹ̀. Ewé mángòrò kò ní mì. Ooru á mú gan-an. Dídákẹ́ yìí ló ń tan ènìyàn jẹ jù, torí ó dà bíi pé òjò ti pẹ̀yìn dà. Ẹ wá wo ìlà-oòrùn: ìsàlẹ̀ òjò á dúdú bí aró, níwájú rẹ̀ ẹ ó rí ìkùukùu kan tó gùn gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tó dà bí etí òrùlé tó yọ síta, tó ń yí bí ẹní tí a ń ká. Alápàńdẹ̀dẹ̀ á máa fò yípo níwájú rẹ̀, wọ́n ń jẹ kòkòrò tí atẹ́gùn gbé sókè. Ẹ ó rí erùpẹ̀ pupa tó dìde lórí ilẹ̀ lókèèrè. Erùpẹ̀ yẹn ni etí omi garawa. Tí ẹ bá rí i, ó kù díẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀wààrà àkọ́kọ́ bá kọjá, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á máa rọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Atẹ́gùn ti lọ, ṣùgbọ́n àrá ò tíì lọ.

Àrá

Mo máa ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta láti ìgbà tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ títí àrá á fi sán. Ìró àrá máa ń rin kìlómítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí kíkà mi kò bá tó ọgbọ̀n, kò tó kìlómítà 10, ó sì ti sún mọ́ jù: mọ̀nàmọ́ná lè ti ibi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ ta dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn lórí wa. Lónìí, mi ò tilẹ̀ dúró kà fún ẹni tó wà lórí ilé. Àrá àkọ́kọ́ tí a bá gbọ́, gbogbo wa á sọ̀kalẹ̀. Onílé lè bínú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń dùn mí jù. Àsìkò mángòrò Ògbómọ̀ṣọ́ àti àsìkò ìjì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí atẹ́gùn tútù bá ti fẹ́, mángòrò á máa já pọ̀ọ̀ pọ̀ọ̀, àwọn ọmọ á sì gbé abọ́ sáré lọ sábẹ́ igi. Ìgbà yẹn gan-an ni àrá máa ń wá ibi tó ga tó máa gbà wálẹ̀, igi mángòrò ló sì ga jù nínú ọgbà. Tó bá ba igi, ó lè fò láti ara igi sí ara ẹni tó dúró tì í, ó sì lè gba inú ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọ wọlé. Mángòrò á ṣì wà nílẹ̀ lọ́la.

Inú ilé tó ní ògiri yí ká ni kẹ́ ẹ sá sí, tàbí inú mọ́tò tó ní òrùlé irin, kí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì. Abẹ́ páànù tí a fi igi mẹ́rin gbé dúró nínú ọjà kò gba ènìyàn lọ́wọ́ àrá. Ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì kúrò lára iná kó tó sún mọ́lé, ẹ má wẹ̀, ẹ má dì mọ́ irin fèrèsé. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín kì í pe àrá. Èyí tó wà lára ṣájà ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Bí àrá bá ba ènìyàn, ẹ lè fọwọ́ kàn án, iná kò sí lára rẹ̀ mọ́. Mo mọ àṣà wa pé àwọn oníṣàngó ni à ń ké sí, mi ò sì bu àṣà kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú yẹn lè má tíì kú, ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Bí kò bá mí, ẹ gbé ọwọ́ lé ọwọ́, ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi, kó yá, bí ìgbà 100 sí 120 nínú ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíì máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Òrùlé yín

Èyí á yá, torí ẹ ó pe káfíńtà ṣá. Atẹ́gùn tó ń sáré gba orí òrùlé kọjá, sókè ló ń fa páànù. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, páànù tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, ohun tó ń fà á sókè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ìṣó nìkan kò tó. Igi tí a tẹ́ sórí ògiri gbọ́dọ̀ ní irin tó so ó mọ́ líńtà, ìyẹn kọnkéré tí a dà sórí ògiri lókè fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí a sì ti fi irin náà sínú kọnkéré kó tó dì. Ẹ béèrè kí wọ́n tó da líńtà, torí lẹ́yìn rẹ̀, ó ti bọ́. Etí òrùlé ni kí ìṣó ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni ìjì ti ń kọ́kọ́ ṣí i. Tí òjò bá ṣú, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, pàápàá èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn: atẹ́gùn tó bá wọlé á máa ti òrùlé láti abẹ́, nígbà tí ti ìta ń fà á lókè.

Lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn, mo máa ń dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè. Àrá mìíràn bá sán, mo tún bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n mìíràn. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gòkè, láìwọ bàtà, torí páànù tútù ń yọ̀. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ etí òrùlé láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìjì ti fà, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i: á yọ díẹ̀, bí ìbú èékánná. Ẹ má gbá a padà, kò ní mú mọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ dí ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ kan tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí igi ṣì le.